Ìlédìí Ọmọ́bọ́lá

Ọjọ́ tí Samsudeen kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù Mùyìbátù ní Ṣakí, ojú ń tì í. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣìnà, ó ń wo àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ara ògiri, kò sì lè la ẹnu sọ ohun tó wá rà. Mùyìbátù dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró.

"Ẹ káàbọ̀. Ṣé aṣọ lẹ fẹ́ rán ni?"

"Rárá o. Wọ́n ní ẹ máa ń rán... èyí tí wọ́n fi ń dí ìdí ọmọ."

"Ìlédìí?"

"Òun ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bí ìbejì ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó ní n ò gbọdọ̀ wálé láì rà á."

Mùyìbátù ò lè pa ẹ̀rín mọ́ra. Ọkùnrin kan ò tíì wá ra ìlédìí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó gbé ọ̀kan lé e lọ́wọ́. Kì í ṣe àkísà àtijọ́ tí wọ́n ń ká, tí wọ́n ń fi píìnì há. Èyí ní rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́yìn tí kì í jẹ́ kí ìtọ̀ jò, ó ní bọ́tìnnì ní ìbàdí tí wọ́n fi lè tú u sí i bí ọmọ bá ṣe ń tóbi, ó sì ní àpò nínú tí wọ́n ń ki tówẹ̀lì sí. Bí ọmọ bá tọ̀ sí i, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún lò ó.

Samsudeen yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Iṣẹ́ ọwọ́ yín rèé? Ó dáa o. Mo rò pé páńpáàsì ni gbogbo ayé ń lò báyìí."

"Ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí yín, ibo ni wọ́n ń da èyí tí wọ́n bá ti lò sí?"

Ó rò ó díẹ̀. "Odò."

"Kí ló dé tí wọn ò sun ún?"

"Ta ló máa sun ìgbẹ́ ọmọ? Wọ́n ní ara ọmọ á máa ta á bí iná ni."

"Omi odò náà ńkọ́? Ta ló ń mu ún?"

Ẹ̀rín tó wà lójú Samsudeen parẹ́. "Àwa náà ni," ló wí. Ó ra ìlédìí, ó lọ.

Kò pẹ́ tó fi tún padà wá. Ó ní ìlédìí náà ò tó àwọn ìbejì. Nígbà tó tún yọjú, ó ní ewúrẹ́ ló jẹ ọ̀kan lórí okùn. Nígbà tó ṣe, kò wá àwáwí kankan mọ́. Bó bá ti kó iṣu oko rẹ̀ wá sọ́jà Ṣakí, yóò mú èyí tó tóbi jù níbẹ̀ wá fún Mùyìbátù, yóò sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí yóò fi kún. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyẹn gan-an ló wọ Mùyìbátù lára, nítorí àwọn tó ti ń bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnu nìkan ni wọ́n ní.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ká wọn mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù. Samsudeen ní, "Mùyìbá, mo fẹ́ fẹ́ ọ."

"Mo ti mọ̀."

"Ìyá mi ò ní wàhálà. Ìyá tìrẹ ni wọ́n ní kí n bẹ̀rù."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìyá Onípáńpáàsì ni gbogbo ọjà ń pe ìyá Mùyìbátù. Páálí páńpáàsì ga dé àjà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn tó ń tà á ní ìlú kéékèèké sì ń wá rà á lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Mùyìbátù nìkan lọmọ tó ní. Àwọn èèyàn a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé ọjà tí ìyá ń tà lọmọ ń bà jẹ́, ìyá náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Mùyìbátù dárúkọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ojú rẹ̀ yí padà.

"Wá ẹlòmíì."

"Màámi, ẹ ò tíì rí i."

"Mi ò ní kò dáa. Ìlú yẹn ni mi ò fẹ́. Èmi àti bàbá rẹ gbé ibẹ̀ kí n tó bí ọ. Omi wọn máa ń gbẹ. Ọmọ mi ò ní lọ máa ru ìlédìí kiri inú igbó."

"Ẹ̀rọ omi ti wà níbẹ̀ báyìí."

"Ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́ ni tàbí èyí tó ń ṣiṣẹ́?"

Mùyìbátù sunkún títí, ó wá lọ bá Àǹtí Àwáwù, àbúrò ìyá rẹ̀, pé kó bá òun ṣe alárinà. Àǹtí Àwáwù lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó rí Samsudeen, ó rí ìyá rẹ̀, ó padà wá sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ìyá Mùyìbátù kọ̀. Ó tún lọ, ó tún bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba odidi ọdún kan mọ́ wọn lọ́wọ́, Mùyìbátù sì rù kan egungun. Rírù tó rù yìí ló ṣẹ́gun ìyá rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí àwọn ẹbí Samsudeen wá tọrọ ìyàwó, Ìyá Mùyìbátù sọ̀rọ̀ lójú gbogbo wọn. "Ohun kan ni mo fẹ́ kí ọkọ ṣèlérí. Ọmọ mi ò gbọdọ̀ fọ ìlédìí. Bó bá bímọ, páńpáàsì ni kẹ́ ẹ máa rà."

Mùyìbátù la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Àǹtí Àwáwù já a léèékánná nítan. "Dákẹ́ ẹnu rẹ," ló sọ sí i létí. "Bó o bá délé ọkọ, ohun tí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹ́ lẹ ó ṣe."

Samsudeen dọ̀bálẹ̀. "Mo gbà, Màámi. Mo ṣèlérí."

Inú gbogbo èèyàn dùn. Mùyìbátù nìkan ni ẹ̀rù bà. Ó mọ oko Samsudeen, ó mọ iye tí iṣu ń mú wá. Ṣé ìfẹ́ ló ń mú ọkùnrin yìí ṣèlérí ohun tí apá rẹ̀ ò ká, àbí ìbẹ̀rù? Kò rí ẹni bi. Wọ́n so yìgì, ó bá a lọ.

Òjò ń rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó bí ọmọ obìnrin. Wọ́n sọ ọ́ ní Ọmọ́bọ́lá. Samsudeen mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ fúngbà díẹ̀. Ó ń ra páńpáàsì, ó ń gbẹ́lẹ̀ sin èyí tí wọ́n bá ti lò sẹ́yìn ilé, ajá ń hú u. Ìyá Samsudeen, tó ń gbé yàrá kejì, kàn ń wò wọ́n. Bí ọmọ bá jí láàárọ̀, ìyá àgbà á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé e jókòó sí àárín àtẹ́lẹsẹ̀, á máa ṣe "ṣíì, ṣíì" sí i létí títí ọmọ á fi tọ̀. "Báyìí la ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀," ló máa ń wí. "Kò sí páńpáàsì, kò sí ìjà."

Nígbà tí Mùyìbátù rí i pé ọkọ òun ti ń ta iṣu tó yẹ kó fi ṣe ebu gbìn, ó pè é.

"Jẹ́ kí n lo ìlédìí tí mo fọwọ́ ara mi rán. Ó kún inú àpótí mi."

"Mo ti ṣèlérí fún ìyá rẹ."

"Èmi ni mo fẹ́ ọ. Ìyá mi kọ́ ló fẹ́ ọ."

Samsudeen yíjú sí àpótí náà. "Bó bá dé ńkọ́?"

"Bó bá dé, ká ti kó wọn kúrò lórí okùn."

Báyìí ni tọkọtaya náà ṣe jọ ní àṣírí kan, àṣírí náà sì dùn mọ́ wọn. Ní òwúrọ̀ kùtù, Samsudeen á fa omi kún garawa láti inú kànga kó tó lọ sóko. Nígbà míì á ká apá aṣọ sókè, á bá ìyàwó rẹ̀ fọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pè é ní alágbàfọ̀. Kò dá wọn lóhùn. Títí di òní, bí Mùyìbátù bá ń ronú ìgbà tí òun gbádùn jù láyé, oṣù wọ̀nyẹn ló máa ń rántí.

Ọyẹ́ dé. Kànga gbẹ. Ẹ̀rọ omi àdúgbò bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Odò tó ṣẹ́kù wà lápá ibi tí igbó ọba bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá lọ láàárọ̀, oòrùn á ti mú kó tó dé. Mùyìbátù á fi Ọmọ́bọ́lá sílẹ̀ fún ìyá àgbà, á di ìlédìí sínú báàfù, á gbé e rù. Ó máa ń rò ó lójú ọ̀nà pé òtítọ́ kúkú ni ìyá òun sọ. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ jáde lẹ́nu fún Samsudeen.

Ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ yẹn ni ìyá rẹ̀ wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó gbé odidi páálí páńpáàsì wá fún ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó bá ìyá àgbà nínú ilé, ó bá Ọmọ́bọ́lá lórí ẹní, ara ọmọ náà ń gbóná díẹ̀.

"Ìyá ẹ̀ dà?"

"Ó lọ fọ ìlédìí lódò," ni ìyá àgbà dáhùn, kò mọ̀ pé ohun tí kò yẹ kóun sọ lòun sọ.

Wọ́n ní igbe tí Ìyá Mùyìbátù ké lọ́jọ́ náà, aládùúgbò méjì ló sáré jáde. Nígbà tí Mùyìbátù fi ti odò dé, ìyá rẹ̀ ti pọn Ọmọ́bọ́lá, ó ti jókòó sínú ọkọ̀.

"Sọ báàfù yẹn kalẹ̀. Wọlé sínú ọkọ̀."

"Màámi, Samsudeen wà lóko, ẹ jẹ́ kí n..."

"Ara ọmọ rẹ ń gbóná, ò ń dúró de Samsudeen! Ọsibítù là ń lọ!"

Nítorí ọmọ ló ṣe wọlé. Ibà lásán ni wọ́n bá lára Ọmọ́bọ́lá ní ọsibítù ní Ṣakí, ara rẹ̀ sì tètè yá. Ṣùgbọ́n ìyá Mùyìbátù ò jẹ́ kí wọ́n padà mọ́. Nígbà tí Samsudeen wá, ṣọ́ọ̀bù páńpáàsì ló ti bá ìyá ìyàwó rẹ̀, àwọn oníbàárà sì pọ̀ níbẹ̀.

"Ọkùnrin tí kò lè mú ìlérí ìlédìí ṣẹ," ni ìyá náà wí, "èwo ló lè mú ṣẹ? Lọ wá owó tí wàá fi tọ́jú ọmọ rẹ. Bó o bá rí i, kó o wá."

Mùyìbátù wà níbẹ̀. Ó yẹ kó sọ níwájú gbogbo wọn pé, "Èmi ni mo ní ká lo ìlédìí aláṣọ." Kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀já tó fi pọn Ọmọ́bọ́lá ló ń tún so. Ó ti pẹ́ jù tó ti ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀.

Ó sìn ín dé ojú títì. Samsudeen ò gbójú sókè. "Mò ń lọ sí Ìgbẹ́tì. Wọ́n ń fọ́ òkúta mábù níbẹ̀, owó ibẹ̀ yá ju ti oko lọ. Màá padà wá kó yín."

"Má pẹ́ o," ni Mùyìbátù wí. Kò ní kó má lọ.

Níbẹ̀rẹ̀, Jímọ̀ Jímọ̀ ló ń pè é. Nígbà tó yá, ìpè dín kù. Ó wá di ọjọ́ kan, nọ́ńbà Samsudeen ò lọ mọ́. Mùyìbátù pe ìyá Samsudeen. "Ọmọ mi ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ ní kó gbọ́," ni ìyá àgbà wí, ó sì pa fóònù. Mùyìbátù rò pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀sí tí ìyá òun sọ sí i ní ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ. Ojú tì í, kò pè mọ́. Ó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ọmọ́bọ́lá kọ́ ìrìn, ó kọ́ ọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nígbà míì Mùyìbátù á ní, "Bó bá fẹ́ràn mi ni, ì bá ti wá." Nígbà míì á ní, "Bí mo bá fẹ́ràn rẹ̀ ni, ǹ bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà." Kò mọ èyí tó jóòótọ́ nínú méjèèjì.

Àǹtí Àwáwù ló tú àṣírí. Ó ti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọlé tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò tilẹ̀ kí i.

"Àǹtí mi, ṣé òótọ́ ni pé ìyá Samsudeen wá bẹ̀ yín?"

Ìyá Mùyìbátù ń to páálí lọ.

"Ó ní ẹ ní kóun sọ fún Samsudeen pé Mùyìbátù ò ṣe mọ́, kó máa bá tirẹ̀ lọ. Mùyìbátù, ṣé ìwọ lo rán ìyá rẹ?"

Mùyìbátù tó ń bọ́ ọmọ dìde. "Màámi?"

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí páálí. Lójú ẹsẹ̀, ó wá rí bí arúgbó.

"Ẹ sọ fún un," ni Àǹtí Àwáwù wí. "Bẹ́ ẹ ò bá sọ ọ́, màá sọ ọ́."

"Mo ti bímọ kan kí n tó bí ọ," ni Ìyá Mùyìbátù wí. "Ṣùkúrù lorúkọ rẹ̀. Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí la wà nígbà náà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi jìnnà. Mo fi í sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, mo lọ fọ ìlédìí. Ara rẹ̀ gbóná díẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Mo ní kí n tètè lọ, kí n tètè dé." Ó nu ojú. "Gìrì ti gbé e lọ kí n tó dé. Ìlédìí rẹ̀ tó tutù wà lórí mi nígbà tí wọ́n sọ fún mi. Mo kàn dúró bẹ́ẹ̀, mò ń rù ú, omi ń ro lára mi. Lọ́jọ́ tí mo bá Ọmọ́bọ́lá lórí ẹní yẹn, Ṣùkúrù ni mo rí."

Mùyìbátù fẹ́ bínú, inú ò bí i tó bó ṣe yẹ. Ó fẹ́ di ìyá rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ ò gbé e.

"Ẹ ò bá ti sọ fún mi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dárúkọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ló yẹ kẹ́ ẹ ti sọ fún mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ Ìgbẹ́tì.

Ọlọ́kadà tó gbé e láti gáréèjì mọ Samsudeen. Ó gbé e dé ilé kan nísàlẹ̀ òkè, níbi tí eruku funfun ti bo gbogbo ewé. Obìnrin kan tó lóyún ló jáde sí i, ó kúnlẹ̀ kí i, ó gbé omi fún un.

"Jùmọ̀kẹ́ lorúkọ mi. Ìyàwó Bọ̀dá Samsu ni mí. Láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí lẹ ti wá, àbí? Wọ́n máa tó ti ibi iṣẹ́ dé."

Mùyìbátù gba omi náà, ó mu ún tán. "Ẹbí rẹ̀ ni mí," ló wí.

Ọmọ́bọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ti tọ̀ sára. Mùyìbátù tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó ń pààrọ̀ ìlédìí rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ sún mọ́ ọn, ó ń wò ó.

"Àǹtí, ìlédìí yìí mà dáa o. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Gbogbo èèyàn ń sọ tiwọn fún mi. Àwọn kan ní páńpáàsì, àwọn kan ní aláṣọ. Bí mo bá bi ọkọ mi, ńṣe ni wọ́n á dìde jáde. Èwo lẹ rò pé kí n lò?"

Mùyìbátù de bọ́tìnnì kan, ó de èkejì.

"Bí omi bá wà nítòsí, lo aláṣọ. Kì í ba odò jẹ́, kì í sì í yún ọmọ. Bí omi bá gbẹ, má fi ọmọ sílẹ̀ lọ wá a. Ra páńpáàsì níwọ̀n tí agbára yín bá mọ, kẹ́ ẹ gbẹ́ ihò tó jìn dáadáa fún un. Ṣùgbọ́n èyí tó o bá máa lò, ìwọ àti ọkọ rẹ ni kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́. Bó bá dìde, ní kó jókòó. Má jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín sọ ọ́."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí mi." Jùmọ̀kẹ́ wo ojú Ọmọ́bọ́lá. Ó tún un wò. Ojú Samsudeen ló rí níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí Samsudeen fi wọlé, eruku mábù sọ irun rẹ̀ di funfun. Ó rí Mùyìbátù, ó di ògiri mú.

"Wọ́n ní o kọ̀ mí," ló wí.

"Wọn ò sọ fún mi pé ìyá rẹ wá."

"Wọ́n jí fóònù mi níbi iṣẹ́. Mo ní kí ni mo tún fẹ́ pè ọ́ fún."

"Mo pè ọ́ títí, Samsu."

Jùmọ̀kẹ́ ti ń sunkún. "Wọ́n sọ fún mi pé ìyàwó tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ kọ̀ wọ́n ni. Mi ò mọ̀." Nínú àwọn mẹ́ta tó wà nínú yàrá náà, kò sí ẹni tó purọ́.

Samsudeen kúnlẹ̀ níwájú Mùyìbátù. "Mo ṣì ni ọkọ rẹ. Dúró tì mí. Ìwọ ni ìyáálé."

"Ẹ dúró, Àǹtí," ni Jùmọ̀kẹ́ wí, tọkàntọkàn ló sì fi sọ ọ́.

Mùyìbátù rò ó. Ẹ̀sìn ò kọ̀ ọ́, àwọn obìnrin tó jù ú lọ ti ṣe é, ó sì ṣì fẹ́ràn ọkùnrin náà débi pé eruku tó wà lórí rẹ̀ ń dùn ún. Bí Jùmọ̀kẹ́ bá jẹ́ èèyàn burúkú, bóyá ìbínú ì bá mú un dúró. Èèyàn dáadáa ni.

"Samsu," ló wí, "mi ò lè jókòó ti ọkọ èèyàn kan kí n máa wá ọkọ mi nínú rẹ̀. Ìyá mi ló ṣe tirẹ̀. Èmi náà ṣe tèmi, mo dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n máa lọ."

Ó pọn ọmọ rẹ̀ padà. Jùmọ̀kẹ́ ló bá a gbé báàgì dé ojú ọ̀nà.

Kó tó di ìgbà àwẹ̀, ààfáà tú yìgì wọn ní Ṣakí. Ìyá Mùyìbátù wá, ó fẹ́ bẹ Samsudeen, ṣùgbọ́n nígbà tó dé iwájú rẹ̀, ó kàn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni. Samsudeen kí i. Ìyá náà àti Mùyìbátù ṣì jọ ń gbélé, wọ́n ṣì jọ ń jẹun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ kò ju "Ẹ káàárọ̀, Màámi" àti "Ṣé o jí dáadáa?" lọ.

Lọ́jọ́ tí ààfáà tú yìgì náà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, Samsudeen ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbé ọmọ òun kóun tó lọ. Mùyìbátù gbé e fún un nínú ọgbà mọ́ṣáláṣí. Ọmọ́bọ́lá wo ojú rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Bàbá rẹ ni," ni Samsudeen ń sọ fún un, "bàbá rẹ ni, bàbá rẹ ni." Ọmọ náà na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá rẹ̀, kò sì dákẹ́ títí ìyẹn fi gbà á.